Ìkéde Tí Wọ́n Ní Kí N Lẹ̀ Mọ́ Bọ́ọ̀sì

Ajé, 3 oṣù kẹfà

Ọwọ́ mi yìí ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Kí n kọ ìyẹn sílẹ̀ ná.

Àárọ̀ ni alábòójútó gbé ìdì ìwé kan àti garawa gọ́ọ̀mù wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ bọ́ọ̀sì. Ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Òkè, kí n sì lẹ ìyókù mọ́ àwọn ibùdókọ̀ bí mo bá ń lọ sílé. N ò kà á. Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Ohun kan náà ni wọ́n máa ń kọ: ẹ má tutọ́, ẹ di irin mú, ẹ má gbé ẹsẹ̀ lé àga. Mo lẹ̀ ẹ́, mo fi àkísà nù ún títí ó fi jọ̀lọ̀, torí n kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́. Ibùdókọ̀ iwájú ilé wa ni mo dé kí n tó rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti Ajé tó ń bọ̀, bọ́ọ̀sì ò ní gun Òkè mọ́. Ìsàlẹ̀ afárá ni yóò ti máa yí padà, torí pé Òkè ń jẹ bátìrì jù, èrò ibẹ̀ ò sì tó nǹkan.

Èrò ibẹ̀ ò tó nǹkan. Èmi tí mo máa ń dúró lórí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn láràárọ̀ torí pé ẹsẹ̀ tèmi ò rí ilẹ̀ tẹ̀. Mo fẹ́ ya ìwé náà kúrò lójú ẹsẹ̀, kò ya. Mo ti lẹ̀ ẹ́ dáadáa jù.

Màmá gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn ní Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ dúró ni obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ fún un níbẹ̀ ti sọ fún wa pé ẹsẹ̀ tí a ò bá nà lásìkò, líle ló máa le, tó bá sì ti le tán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Oṣù tó kọjá ni orúnkún ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Láti afárá dé ilé wa, ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá máa ń sinmi lọ́nà. Ta ló fẹ́ gbé Màmá gùn ún?

Bọ́ọ̀sì elépo àtijọ́ ń wúkọ́, ó ń tu èéfín sí wa lójú, ṣùgbọ́n ó ń gùn ún. Nígbà tí wọ́n kó àwọn oníná yìí dé, mo wà lára àwọn tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní kò ní èéfín, kò ní ariwo, gbogbo wa la jọ máa jẹ ànfààní rẹ̀. Òjò ṣú lónìí, kò rọ̀.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

Màmá ti gbọ́. Bàbá Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa, ló kà á fún un. Ó bi mí pé, "Ata-wẹ́wẹ́, ṣé ìwọ lo lẹ̀ ẹ́?" Mo ní èmi ni. Ó ní Bàbá Aránṣọ gbìyànjú láti fi àlùmọ́gàjí họ ọ́ kúrò, kò lè họ ọ́, nítorí náà òun ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọmọ òun ni. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì lè rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Mo fọ bọ́ọ̀sì ọ̀nà etí odò lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èrò ṣe pọ̀ tó nínú ọkọ̀, kó bi ẹni tó ń gbá a. Nínú bọ́ọ̀sì Òkè, mo máa ń gbá ẹrẹ̀, èèpo ọsàn, bọ́tìnnì, ìṣó, bàtà ọmọdé ẹyọ kan. Nínú ti etí odò, eruku díẹ̀ ni mo bá, àti ìwé ìròyìn kan tí ẹnì kan kà tán tó sì ká dáadáa sórí àga. Àwọn tó ń gbé etí odò ní mọ́tò nílé. Bọ́ọ̀sì wọn á dúró ní ibùdókọ̀, ilẹ̀kùn á wà ní títì, ẹ̀rọ amúlétutù á máa fẹ́ láti àárọ̀ sórí àga òfìfo. Mo wọ ṣúẹ́tà kí n tó lè gbálẹ̀ nínú rẹ̀.

Mo bi alábòójútó pé ṣé ìyẹn kì í jẹ bátìrì ni. Ó ní kí n gbájú mọ́ ìgbálẹ̀ mi. Mo gbájú mọ́ ọn débi pé igi ìgbálẹ̀ dá.

Ajé, 10 oṣù kẹfà

Ọjọ́ àkọ́kọ́. Òjò ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, ló pọn Màmá bí ẹni pọn ọmọ, mo di agboòrùn lé wọn lórí. Ilẹ̀ ń yọ̀. Àwọn alálùpùpù dúró lẹ́bàá ọ̀nà, owó wọn ti di ìlọ́po mẹ́ta owó bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ì bá san án, ṣùgbọ́n wọn ò gbé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan ò lè di nǹkan mú. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò lè pa ìyá ọlọ́mọ.

Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ ti pe ẹlòmíràn wọlé. Ó bá wa na ẹsẹ̀ Màmá díẹ̀ nínú àkókò ìsinmi rẹ̀. Inú ń bí mi sí i, bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ kí inú bí mi sí i, ìyẹn ló tún wá bí mi nínú jù.

Bí a ṣe ń gòkè bọ̀, àbúrò mi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Màmá sọ sí i létí pé, "Nígbà tí mò ń pọ̀n ọ́, èmi ò mí báyìí." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹfà

Òjò. A ò lọ.

Ẹtì, 14 oṣù kẹfà

A lọ, a bọ̀. Ọ̀gá àbúrò mi ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ó ní bíríkìlà tó bá fẹ́ máa fi ìdajì ọ̀sẹ̀ pọn ìyá rẹ̀, kó máa bá pípọ̀n lọ. Àbúrò mi ò sọ fún Màmá. Ẹ̀yìnkùlé ló ti sọ fún mi, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá garawa omi dànù. Mo ní kó lọ pọn òmíràn. Ó ní kí n lọ pọn ọ́n fúnra mi, ṣebí iléeṣẹ́ tó ń fún mi lówó oṣù ló ṣe wá báyìí. A ò bára wa sọ̀rọ̀ títí a fi sùn. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ni n ò fẹ́ gbọ́.

Àìkú, 16 oṣù kẹfà

Gbogbo Òkè pé síwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aránṣọ. Gbogbo ẹnu ń sọ̀rọ̀, kò sí etí kankan. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní kí èmi àti Bàbá Aránṣọ lọ rí ọ̀gá tó ń ṣètò ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Wọ́n mú Bàbá torí pé ó mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀, wọ́n mú èmi torí pé n ò mọ̀ ọ́n.

Màmá gbọ́, ó ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, kí n rọra. Mo ní n ò wá ẹyẹ, bọ́ọ̀sì ni mò ń wá.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹfà

Onítáì la máa ń pe ọ̀gá ọ̀hún nínú ọgbà bọ́ọ̀sì, torí kò sí ooru tó lè mú táì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó kéré sí àbúrò mi lọ́jọ́ orí. Ó fún wa ní àga, ó fún wa lómi, ó ń pè mí ní Mà. Ẹni tó bá ń bọ̀wọ̀ fúnni báyẹn máa ń ṣòro láti bú.

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Ó ní bí èrò bá ti fi káàdì kan ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, tí ẹ̀rọ náà sì dún píì, ibí yìí ló ń wọlé sí. Ó ní kí a wo bọ́ọ̀sì tiwa. Bí a ṣe ń wò ó, ó dà bí ìgbà tó jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni bọ́ọ̀sì ń gbé gun Òkè láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Iná tó ń jẹ pọ̀, èrò ò sí. Ẹ̀rọ kì í purọ́, Mà."

Mo ní irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa. Mo ní èmi ni mò ń gbá bọ́ọ̀sì ọ̀hún, ẹrẹ̀ kì í fò wọlé fúnra rẹ̀. Ó fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹrẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà.

A jáde. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé afárá kí Bàbá Aránṣọ tó dúró gbọnrangandan sójú ọ̀nà, tó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Fìlà."

Mo mọ èyí tó ń sọ. Fìlà awakọ̀ wa ni, ẹni tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀nà wa, bàbá arúgbó kan wọlé láìní nǹkan kan lọ́wọ́, Ẹlẹ́rìn-ín sì ṣí fìlà orí rẹ̀, ó fi bo ẹ̀rọ káàdì. Ó ní Òkè nìkan ti tó ìyà. Láti orí bàbá yẹn ló dé orí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, láti orí wọn ló dé orí gbogbo wa. Bí ó bá ń gòkè, bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, fìlà wà lórí ẹ̀rọ títí a ó fi kọjá afárá. A gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀. A fún un ní ọsàn. Gbogbo ìgbà tí a ń ṣàdúrà yẹn, fìlà yẹn ń pa wá rẹ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà Onítáì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú ń bí mi, n ò mọ ẹni tí n ó kọ́kọ́ bú.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹfà

Ẹlẹ́rìn-ín ni mo kọ́kọ́ bú. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọ̀nà etí odò, mo bá a níbi tó jókòó sí nínú òtútù, nídìí ọkọ̀ rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà. Mo ní oore rẹ̀ ti pa wá. Mo tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí n ò ní kọ síbí. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀, n ò tíì rí ojú yẹn láìsí ẹ̀rín rí. Ó ní, "Àbúrò mi, mo rò pé owó ni mò ń bá yín dá dúró."

Mo délé, mo ròyìn, mo rò pé Màmá á gbè mí. Màmá ní, "Èmi náà wọlé lábẹ́ fìlà yẹn. Tí o bá ti bú u tán, bẹ̀rẹ̀ tèmi."

A ò lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ọ̀nà ò dára.

Ajé, 24 oṣù kẹfà

Ẹlẹ́rìn-ín fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ yàrá Onítáì, ó ní fìlà òun rèé. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní rọ́bà omi, kó máa bá mi fọ bọ́ọ̀sì títí wọn ó fi mọ ohun tí wọn ó ṣe sí i. Kò mọ ọkọ̀ fọ̀. Mo ń kọ́ ọ. N ò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n mo fún un ní bùrọ́ọ̀ṣì tó dára.

Alábòójútó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́. Kó máa sọ. Nítorí ohun tí Ẹlẹ́rìn-ín sọ, Onítáì ní òun ó dá bọ́ọ̀sì padà fún ọ̀sẹ̀ méjì láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ̀rọ lè rí wa. Bí èrò bá pọ̀, ọkọ̀ á dúró. Bí kò bá pọ̀, ká má tún yọ òun lẹ́nu mọ́.

Ẹtì, 28 oṣù kẹfà

Obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ di orúnkún Màmá mú, ó tì í, kò ká tó bó ṣe máa ń ká. Ó tún tì í. Màmá ń wo òkè àjà, omi ń ṣàn létí ojú rẹ̀, kò pariwo. Obìnrin náà pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní tí ó bá tún fi oṣù kan rí báyìí, a ó kàn máa wá rí ara wa lásán ni.

Mo fẹ́ kí Onítáì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kó di orúnkún yẹn mú.

Ajé, 1 oṣù keje

Bọ́ọ̀sì dé. Ẹ̀rọ ò ní fìlà lórí. Bàbá Aránṣọ ti dúró ní ibùdókọ̀, ó ń rí i pé olúkúlùkù ní káàdì lọ́wọ́, ẹni tí kò bá ní, a ti dáwó rà á fún un. Bí ẹ̀rọ bá ti dún píì, gbogbo ibùdókọ̀ á dáhùn pé, "Mo wà ńbẹ̀." Ẹ̀rín pa awakọ̀ tuntun náà. Àwọn tí kò níbi tí wọ́n ń lọ náà wọlé, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, wọ́n tún lọ. Màmá jókòó síwájú, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan bí ọba. Òun náà fi káàdì kan ẹ̀rọ, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó dé ibẹ̀, a sì dúró dè é.

Àbúrò mi rí iṣẹ́ ọjọ́ méjì gbà.

Ọjọ́rú, 10 oṣù keje

Orúnkún ká díẹ̀.

Ẹtì, 12 oṣù keje

Kí n kọ ọ́ kó tó tutù.

Onítáì pè wá. A rò pé ó fẹ́ kí wa kú oríire. Ó ní èrò pọ̀ lóòótọ́, ó pọ̀ ju bí òun ṣe rò lọ, ìyẹn gan-an ló wá di wàhálà. Bọ́ọ̀sì tó kún báyẹn, bó bá gun Òkè, ṣe ni bátìrì ń wálẹ̀ bí omi inú agbọ̀n. Kì í lè parí iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Nígbà tó ṣófo, a ò pọ̀ tó. Nígbà tó kún, a wúwo jù. Mo bi í pé irú èèyàn wo ni bọ́ọ̀sì rẹ̀ wá ń fẹ́. Mo ní iná tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sórí àga etí odò ńkọ́, ṣé ìyẹn kì í tán?

Ó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní àwọn ará etí odò ní mọ́tò, bí wọn ò bá rí bọ́ọ̀sì tó tutù dáadáa, mọ́tò wọn ni wọn ó máa gbé jáde, epo á máa jó. Ẹnì kan tó bá fi mọ́tò sílẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì, epo tí ìlú fi pa mọ́ nìyẹn. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin, Mà, ẹ ò ní mọ́tò. Bí ẹ wọ bọ́ọ̀sì, bí ẹ rìn, kò sí epo kankan tí a fi pa mọ́."

Torí pé a ò ṣẹ ìlú rí, a ò ní ohun tí wọ́n lè fi bẹ̀ wá. Ẹni tó ń fi èéfín yọ gbogbo ayé lẹ́nu ni wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lára kó má bàa bínú, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kó máa rìn nìṣó. Ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó tún da omi sínú ife fún mi.

Mi ò mu ún.

Àìkú, 14 oṣù keje

Ìpàdé. Bàbá Aránṣọ ní bó bá jẹ́ ìwúwo ni wọ́n ń sọ, kí àwọn tí ara wọn le sọ̀ kalẹ̀ ní afárá kí wọ́n fi ẹsẹ̀ gòkè, kí bọ́ọ̀sì gbé àwọn arúgbó, aláìsàn, aboyún àti ọlọ́mọ nìkan. Mo dìde, mo ní ṣé kí n sanwó tán kí n tún rìn? Mo ní ẹni tó bá gba ìdajì, ìdajì ni wọn ó máa fún un títí láé. Gbogbo wọn ń wò mí. Aboyún kan wà lórí àpótí níwájú mi.

Mo jókòó. Torí Màmá ni mo ṣe jókòó, kì í ṣe torí pé mo gbà.

Ajé, 15 oṣù keje

Bàbá Aránṣọ ti bá Onítáì sọ ọ́, ó sì gbà. Mo rìn. Gbogbo wa rìn, bọ́ọ̀sì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Màmá ń wò mí láti ojú fèrèsé. Òógùn bò mí, owó mi sì wà nínú ẹ̀rọ. Awakọ̀ ní iná bátìrì ò tiẹ̀ pọ́n. Àbúrò mi gbé ọmọ ọlọ́mọ lé èjìká. Àwọn kan ń kọrin. Èmi ò kọrin.

Ẹtì, 19 oṣù keje

Onítáì mú ayàwòrán wá. Ó ní ohun tí a ń ṣe yìí wu òun, òun fẹ́ kí gbogbo ìlú rí i. Ní afárá, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀. Òun ò sọ̀. Ó jókòó sórí àga, ó ń fi ọwọ́ júwe fún ayàwòrán pé kó ya wá bí a ṣe ń rìn.

Màmá wà lórí àga kejì. Wọ́n sọ fún mi pé ó kọjú sí i, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ara ń dùn ọ́?"

Ó ní rárá, Mà.

"Ṣé ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì pé?"

Ó ní ó pé, Mà, ẹ ṣeun.

"Ó dáa. Sọ̀ kalẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan Màmá léjìká, ó sì jókòó ti ibẹ̀ dókè.

Ajé, 22 oṣù keje

Alábòójútó tún gbé ìdì ìwé àti garawa gọ́ọ̀mù dé. Lọ́tẹ̀ yìí mo kà á.

"Bí bọ́ọ̀sì bá ti dé afárá, gbogbo èrò tí ara wọn le yóò sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ lọ ibi tí wọ́n ń lọ, kí bátìrì má bàa tán. A kì í dá owó padà. A dúpẹ́ fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín." Orúkọ Onítáì wà nísàlẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀.

Ohun tí a fi tinútinú ṣe fún àwọn aláìlera wa ti di òfin. Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé.

Mo bi alábòójútó pé bọ́ọ̀sì wo ni kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó ń wo fóònù rẹ̀. Ó ní, "Lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn bọ́ọ̀sì, kí ló dé tí o fi ń béèrè?" Ó lọ.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí Òkè nínú rẹ̀ rárá. Afárá ló kọ, bọ́ọ̀sì etí odò náà sì ń gba afárá kọjá.

Ẹlẹ́rìn-ín ń wò mí. Ó fi rọ́bà omi sílẹ̀, ó bá mi di garawa gọ́ọ̀mù mú. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo bọ́ọ̀sì Òkè. A lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo bọ́ọ̀sì etí odò, lórí fèrèsé, lórí ilẹ̀kùn, lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan. Mo nù ún títí ó fi jọ̀lọ̀. Mo ti sọ pé n kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́.

Ìṣẹ́gun, 23 oṣù keje

Kí oòrùn tó gbóná, fóònù ọgbà ò sinmi mọ́. Bọ́ọ̀sì etí odò kan dé afárá, awakọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tó máa ń ṣe ohun tí ìwé bá wí. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí àwọn tí ara wọn le sọ̀ kalẹ̀. Èrò méjì péré ló wà nínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ lọ́yà.

Onítáì sáré wọ àgbàlá, táì rẹ̀ ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbogbo awakọ̀ wà níbẹ̀, alábòójútó wà níbẹ̀. Ó na ìwé náà sí mi lójú. Ó ní, "Ẹni tó sanwó ọkọ̀, ta ló ní kó sọ̀ kalẹ̀ kó máa rìn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá. Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yẹn."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rìn-ín pàápàá ò rẹ́rìn-ín. Onítáì wo ìwé náà. Ó ní kí n lọ họ ọ́ kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo bi í pé lára èwo. Ó mọ ohun tí mò ń bi í, gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n. Ó ní lára gbogbo wọn.

Mo fi omi gbígbóná họ ọ́. Ti Òkè ni mo kọ́kọ́ họ.

Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan láìgba owó, torí àìgbọ́ràn. Mo gbọ́ràn jù ni, ṣùgbọ́n n ò bá wọn jà lórí ìyẹn.

Ẹtì, 26 oṣù keje

Wọ́n ti gbé kọ́kọ́rọ́ padà fún Ẹlẹ́rìn-ín. Òun ló sọ fún mi pé bọ́ọ̀sì etí odò gbọ́dọ̀ máa pa ẹ̀rọ amúlétutù báyìí bó bá dúró láìsí èrò, iná tó bá kù á máa ran ti Òkè lọ́wọ́. Onítáì ló pàṣẹ rẹ̀, ó sì ń sọ káàkiri pé èrò orí òun ni.

Torí pé n ò níṣẹ́ tí mò ń lọ, èmi àti Màmá la jọ lọ sílé ìwòsàn. Orúnkún ń ká. Obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ ní òun ò ṣèlérí, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀, bọ́ọ̀sì kún. Ní afárá, ẹsẹ̀ mi ti dìde kí n tó rántí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti dìde bẹ́ẹ̀, a ń wo ara wa. Ẹlẹ́rìn-ín ò ṣí ilẹ̀kùn. Màmá fa aṣọ mi, ó ní, "Jókòó." A jókòó, gbogbo wa. Ọkọ̀ gun Òkè, ó rọra ń gùn ún, iná bátìrì pọ́n níbi tó ga jù, ó sì gòkè dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Aránṣọ.

Màmá sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, kò jẹ́ kí n di òun mú. Nígbà tó dúró tán, ó wojú mi.

"Ṣé inú ṣì ń bí ọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣì ń bí mi gan-an.

"Má jẹ́ kó tán," Màmá wí. "Òun ló gun Òkè yìí."